Tiyín Wà Nínú Yìnyín, Tèmi Ni Wọ́n Fẹ́ Gbé Kaná

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́, ṣé àga tí ò ń jókòó lé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn kò tíì fún ọ ní ìnira? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní ilẹ̀kùn ni yóò máa ṣọ́ ọ. Oúnjẹ tí o bá jẹ kò ní gbòdì lára rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú òǹrorò wò ọ́, ọ̀nà tí o bá gbà lọ ni wàá gbà bọ̀. Àmín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà, a ò kú, ẹni tó bá sì wà tí kò kú, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ.

Àǹtí mi, Màámi ló ń sọ̀rọ̀ o, èmi àbúrò yín ni mò ń kọ ọ́. Níbi tí ẹ bá ti rí “ìwọ”, Màámi nìyẹn. Níbi tí ẹ bá ti rí “ẹ̀yin”, èmi ni. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé mò ń rí yín fín.

Ohun tó fà á tí o kò fi gbọ́ ohùn mi ni pé fóònù náà kú. Àpò aṣọ iṣẹ́ mi ló wà nígbà tí mo da aṣọ ilé ìgbẹ̀bí sínú ọpọ́n, n kò mọ̀ pé ó bá wọn wọ omi, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tó ń dún lábẹ́ ọṣẹ bí ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ láti inú kànga. Mo yọ ọ́. Mo fi omi tó mọ́ ṣàn án kí ọṣẹ má bàa ta á lójú, mo fẹ́ fún un, kò ṣe é fún, mo wá há a sórí okùn láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tó ṣì tutù, mo fi áyọ́ọ̀nù tí iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lọ̀ ọ́ lórí, jẹ́jẹ́, mo tilẹ̀ tẹ́ aṣọ lé e lójú kí ó má bàa jó. Ojú rẹ̀ sì wó. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní Màmá, ta ni fóònù yìí ṣẹ̀? Mo ní kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn tutù ni. Nọ́ńbà rẹ bá a lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí nínú àwa méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìwé ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ kẹ́yìn kí fóònù tó kú kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní o lọ sí ọsibítù ńlá kan níbẹ̀, pé àwọn dókítà yọ ẹyin inú ara rẹ, ẹyin tí Ọlọ́run fi ń mọ ọmọ, wọ́n sì gbé wọn sínú òtútù kí wọ́n má bàa bá ọ dàgbà, pé ìgbà tí o bá rí ọkọ tó tẹ́ ọ lọ́rùn, o máa padà lọ gbé wọn. Mo ní ọmọ mi, mo gbọ́. N kò bá ọ jà. Ayé yín ni ẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n iná ibẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í lọ? Obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní fírísà tó tóbi bí àpótí òkú, bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á di omi, òórùn ẹja á sì kan ilé wa. Ṣé wọ́n kó ẹja sí èyí tí tìẹ wà? Bí wọ́n bá kó o síbẹ̀, sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n kó o kúrò, ọmọ kì í bá ẹja sùn. Ṣé wọ́n fi àmì sí tìẹ? Èmi tí mò ń fọ aṣọ onílé àti àlejò, mo mọ bí aṣọ ṣe ń ṣìnà. Bí n kò bá fi òwú pupa ran àmì sí etí aṣọ, ṣòkòtò baálé kan á lọ balẹ̀ sílé baálé mìíràn, ìyàwó á dìde pé kí lèyí. Aṣọ nìyẹn, a lè dá a padà ká tọrọ àforíjì. Ọmọ ńkọ́?

Èyí tó tún dùn mí jù ni òtútù. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí, ní kí n ju aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan tó ti gbó nù, mo gé ibi tó ṣì rọ̀ lára rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀rá tí dírẹ́bà tó ń gbé oògùn ilé ìgbẹ̀bí máa gbé fún ọ. Ní kí wọ́n fi bò wọ́n. Bí àyè kò bá sí, kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn, ìsàlẹ̀ ni òtútù ti máa ń mú ọmọ.

Mo sọ fún Màámi pé wọn kì í fi aṣọ bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé mélòó ni mo ti bí. Ó ní kí n máa kọ̀wé lọ.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba aṣọ ní ilé ìgbẹ̀bí, mo bá obìnrin kan tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ọ̀dọ́ ni, bàtà rẹ̀ ń ké bó ṣe ń rìn. Ó gbé pátákó kan kọ́ ara ògiri, ó ní kí gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ jókòó, àti aláboyún àti ẹni tó kàn wá kó aṣọ. Ó kọ́kọ́ bi wá níkọ̀ọ̀kan pé ọmọ ọdún mélòó ni wá nígbà tí a délé ọkọ. Mo ní ta ló mọ ìyẹn, mo ṣáà ga tó ojú fèrèsé. Ó wo fèrèsé, ó wò mí, ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìlà pupa kan wà lórí pátákó náà, láti òkè lọ́hùn-ún ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òkè yẹn ni ayé àwọn ìyá wa, nígbà tí ọmọbìnrin ń lọ sílé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ti bí mẹ́ta kí ojú rẹ̀ tó là, tó sì ń bí i lọ títí dé méje, dé mẹ́jọ. Ìsàlẹ̀ yìí ni ìsinsìnyí, tí wọ́n ń parí ìwé, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó wọlé ọkọ, tí wọ́n tún ń fi àyè sáàárín ọmọ sí ọmọ, tó fi jẹ́ pé kí ara tó ti ilẹ̀kùn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọwọ́ wọn bà. Ó ní ọjọ́ orí tí obìnrin bá fi bẹ̀rẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹnu yà mí. Ẹni tó ń sọ pé ọmọ ń dínkù, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Mo nawọ́, mo ní ẹ̀yin ọmọ wa, ìlà yìí ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, pátákó sì ti tán, ibo ló fẹ́ balẹ̀ sí? Ó ní ìbéèrè tó dára gan-an ni. 

Ó wá ní bí wọ́n bá ka gbogbo obìnrin àgbègbè wa pọ̀, ọmọ mẹ́rin àbọ̀ ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń bí àbọ̀ ọmọ, ìyá ìbejì kan ní àbọ̀ tòun wà nílé, ọkọ òun ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ àbọ̀ ọmọ. Ọmọ tó wá, tó ké lẹ́ẹ̀kan, tó padà, kí la máa pè é? A kò lè pè é ní odindi, kò dúró. A kò sì lè pè é ní asán, mo gbé e. Mo bá ṣírò tèmi níbi tí mo jókòó sí. Ìwọ àti àbúrò rẹ, odindi méjì. Àwọn tó wà láàárín yín, àbọ̀ márùn-ún. Ó jẹ́ mẹ́rin àbọ̀ géérégé, kò lé, kò dín. Orí mi wú. Láti gbogbo ọdún yìí wá, kò sí ẹni tó kà wọ́n rí, bàbá yín kí ó tó kú kò dárúkọ wọn rí, èmi náà kò dárúkọ wọn, àfi ìjọba. Nígbà tí ìpàdé tú, mo lọ bá obìnrin ìjọba náà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ ṣeun tí ẹ kà wọ́n mọ́ ọn. Ó gbé mi dìde, ó ń wojú mi, ó ní Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tèmi ti pé. Ohun tó kan obìnrin kọ̀ọ̀kan ni mẹ́rin àbọ̀, ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀ ló máa rù ú. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rẹ rèé, o kò tíì mú nǹkan kan wá. N kò fi bú ọ. Mo tilẹ̀ gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin ìjọba náà, mo ní ẹyin tó wà nínú òtútù ńkọ́, ṣé a kò lè kà wọ́n mọ́ ọn? Ó ní rárá, Màmá, ìgbà tí a bá bí wọn. Ó ní kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n gbé sínú òtútù ló ń di ọmọ, pé ẹni tó bá ń sún un síwájú ṣáá, nígbà mìíràn kì í rí iye tó fọkàn sí, nígbà mìíràn kì í rí rárá. Mo gbé ẹrù aṣọ mi karí, mo ń lọ sílé, n kò rí ọ̀nà.

Má rò pé pátákó nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọpọ́n mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Nígbà tí àbúrò rẹ ń rákò, aṣọ ilé ìgbẹ̀bí ló ń kún gbogbo okùn àgbàlá yìí, orí ọgbà ni mò ń sá tara wa sí. Ní báyìí, ẹyẹ ló ń bà lé okùn. Bẹ́ẹ̀dì á wà ní títẹ́, ọ̀sẹ̀ á parí, ohun tí màá fọ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀ kò ní ju eruku lọ. Mátírọ́ọ̀nù ní ohun ayọ̀ ni, pé àwọn obìnrin ń sinmi. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa, kí ni èmi máa jẹ?

Mo rò ó títí. Àbúrò rẹ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, bí ìlà òkè yẹn ṣe wí, á bí tirẹ̀, á sì bí nínú tìẹ sí i, kí ilé wa má bàa wà nísàlẹ̀ pátákó. Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ìparí òpópónà wa, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú, ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti bẹ̀ mí. Mo ti ní ó dáa. Sátidé yìí ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un.

Màámi bi mí pé ṣé mo ti kọ ìyẹn. Mo ti kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Àǹtí mi, òjò ti ṣú, Màámi ti sáré jáde lọ ká aṣọ. Ó yẹ kí n lọ ràn án lọ́wọ́, n kò lọ. Inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn lórí fóònù ni inú ti ń bí mi, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò mọ̀wé púpọ̀, ẹ mọ̀ pé mi ò parí kí ẹ̀yìn Màámi tó bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, tí wọ́n ní kí n jókòó sílé kí n máa lọ aṣọ. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀yin gbé tiyín sínú yìnyín, tèmi ni wọ́n fẹ́ gbé kaná. Mo ti ń sọ ọ́ sínú láti ìjẹta tí mo bá ti ń lọ aṣọ. Màá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á tún dìde.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí lára. Ká ní ó burú, ǹ bá rí nǹkan sọ. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, òun ló ń pọn omi fún Màámi. Sìmẹ́ńtì kún inú irun etí rẹ̀. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí bí búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ, bí ẹni tó ń rò ó bóyá ó ti ṣe é gbé. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun náà kò mọ ohun tí òun fẹ́ràn. A wá ń wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, ṣe ló ń wù mí kí n sá lọ bá wọn gbá a.

Mo wà níbi ìpàdé yẹn náà, èmi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ kejì. Obìnrin náà ṣàlàyé pé mẹ́rin àbọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń san, ìṣirò lásán ni, bí ìgbà tí èèyàn bá kó ọmọ gbogbo àdúgbò jọ tó wá pín wọn dọ́gba fún àwọn ìyá, bí olúkúlùkù ṣe bí tiẹ̀ ò sì yí padà. Ó ní ara ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì parí ara rẹ̀, pé bí a bá dúró ọdún díẹ̀ sí i, ìyá á yè, ọmọ á yè, ìdí nìyẹn tí ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ fi ń dùn mọ́ ọn nínú. Ìka ni Màámi ń kà nígbà yẹn, kò gbọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà tí a délé. Ó ní bó bá jẹ́ ìṣirò lásán, báwo ló ṣe wá bá tòun mu?  Ẹ̀yin ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí èsì fún un.

Ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, èyí tí tíṣà máa ń lé síta ṣáá nítorí ẹ̀rín. Wọ́n mú un lọ sílé ọkọ lọ́dún tó kọjá. Ó rọbí títí, wọn ò tètè gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ náà kò yè. Òun yè, ṣùgbọ́n nǹkan kan ya nínú rẹ̀, ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìmọ ìgbà. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ṣì ń sinmi títí di òní. Kì í jókòó mọ́ níbi tí èèyàn bá wà. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbé àkísà tó fi ń dí ara rẹ̀ gbà wá, Màámi ń bá a fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó ní kí n má bàa mọ òórùn rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n. Tó bá ti rí mi, á gba ẹ̀yìn ọgbà, bẹ́ẹ̀ àwa la jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Mo bi Màámi pé Ẹlẹ́rìn-ín ńkọ́, ṣé odindi ni wọ́n ń ka òun náà sí àbí àbọ̀. Ó gbá mi létí. Ó wá jókòó lé orí aṣọ tí a kò tíì fọ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní ìdí Ẹlẹ́rìn-ín ló kéré, pé ìdí òun ni mo jogún.  Mo fẹ́ sọ pé ìdí yẹn kan náà ni àwọn márùn-ún gbà kọjá lọ.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, mo kórìíra yín. Mo rí fọ́tò yín lára ògiri, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ wọ gíláàsì, mo fẹ́ kọjú rẹ̀ sí ògiri. Mo wá ń rò ó pé ẹ̀yin lẹ wà nílé nígbà tí àwọn márùn-ún yẹn wá. Èmi ò tíì dé. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ igbe wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ tún gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé tiyín lọ síbi tí kò ti lè ké. Bí mo bá ń rò ó bẹ́ẹ̀, ìbínú mi á lọ, ẹ̀rù nìkan á kù.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Òní ni Ọjọ́rú, mọ́tò tó ń gbé oògùn ilé ìgbẹ̀bí máa lọ sí ìlú yín lọ́la, ìwé yìí á tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Bí wọn ò bá fún yín láyè níbi iṣẹ́, ẹ pe obìnrin tó ń ta omi tútù, mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ẹ ní kó gbé fóònù fún Màámi. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò rán mi níṣẹ́ láti bí tiyín. Ẹ sọ pé kí ó jẹ́ kí n padà sí kíláàsì, tàbí kí n wá sọ́dọ̀ yín, mo lè máa lọ aṣọ fún yín, mo mọ̀ ọ́n lọ̀ dáadáa, èmi kì í jó kọ́là ẹ̀wù. Ẹnu yín ló máa ń gbà gbọ́. Tèmi, ó ní ẹnu ọmọdé ni, àfi tó bá kan ọ̀rọ̀ ọkọ.

Màámi ti wọlé, omi ń kán lára rẹ̀.

Àkọ́bí mi, òjò ti dé, aṣọ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, ó di kí n tún wọn fọ̀. Àbúrò rẹ jókòó, ó ń wò mí láti ojú fèrèsé, kò dìde, ṣùgbọ́n n kò bá a wí, ẹni tó ń lọ kì í pẹ́ nílé. Orí ilé ń jò sí ibi tí mò ń kó aṣọ lílọ̀ sí. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ti ya létí. Ìyẹn kò ṣe nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o fi owó ránṣẹ́ sí mi kí n ra fírísà kékeré kan, àlòkù náà dára, kí n ra jẹnẹrétọ̀ tó máa máa gbé e nígbà tí iná bá lọ. Kí o wá lọ gba àwọn ọmọ yẹn jáde lọ́wọ́ àwọn dókítà, kí o gbé wọn wálé fún mi. Èmi fúnra mi á máa ṣọ́ wọn. N kò ní kó omi tà nínú rẹ̀, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹja síbẹ̀. Ilé á dákẹ́ bí àbúrò rẹ bá ti lọ, mo fẹ́ ní ẹni tí màá máa bá sọ̀rọ̀ bí mo bá ń lọ aṣọ. Bí o bá tún rí díẹ̀ lé e, fi owó àga tí mo gbà láwìn ránṣẹ́, àlejò ọjọ́ Sátidé kò lè dúró lórí ìdúró.

Màámi ní kí n ka ìwé náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òun gbọ́ bó ṣe dùn. Ǹ bá fo ibi tèmi, kò mọ̀wé, kò ní mọ̀. Mo kà á. Mo ka gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí mo ti sọ pé mo jókòó tí mi ò lọ ká aṣọ, títí kan ìdí tí mo ní àwọn márùn-ún gbà kọjá. Òjò ń pariwo lórí páànù, mo ní láti gbé ohùn sókè, ó wá dà bíi pé mò ń jágbe mọ́ ọn. Nígbà tí mo parí, kò gbá mi. Ó mú aṣọ tútù kan, ó fún un, omi jáde, ó tún un fún, kò sí omi mọ́ lára rẹ̀, ó ṣì ń fún un. Ó ní:

“Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi.”

Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wá sọ.  Ó fa àpótí jókòó, ó ní kí n wá jókòó sílẹ̀ níwájú òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun orí mi kí wọ́n lè rí i dì fún Sátidé. Mo ní ṣé kí n ya ibi tí mo kọ yẹn kúrò. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, kò burú, kí ẹ̀gbọ́n mi kà á. Ó ní dírẹ́bà kò dúró di ọ̀la, ó ti kọjá lọ láàárọ̀ yìí kí òjò tó ṣú, mọ́tò kò tún ní lọ mọ́ di ọjọ́ Ajé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni mo wà láàárín wọn báyìí, lórí eékún mi ni ìwé wà, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi ń wọ́. Ó ní kí n kọ àdúrà kí n fi kádìí rẹ̀.

Àkọ́bí mi, Ọlọ́run tó mú ọ dúró nígbà tí àwọn tó tẹ̀ lé ọ kò dúró, kò ní jẹ́ kí o ṣubú níbi tí èmi kò ti ní gbọ́. Ohun tí o gbé pamọ́ kò ní bàjẹ́. Ọjọ́ tí o bá lọ bèèrè rẹ̀, wọn kò ní sọ fún ọ pé iná lọ. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ, ọmọ náà á ké, kò sì ní dákẹ́. Àmín, àmín. Èmi ni ìyá rẹ, alágbàfọ̀.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mo gbé bírò dúró, mò ń retí kó gbàdúrà fún èmi náà. Ó ti mú òòyà. Ó ní kí n tẹ orí sílẹ̀, àdúrà tèmi di Sátidé.